Bẹ́ńṣì Ẹnu Ọ̀nà Ilé Iwin

Ẹni tó bá ní èébú kì í bí ìfẹ́, kó lọ bi Adékẹ́mi léèrè. Èébú tó tú jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin tó padà fẹ́ràn kún àpò, "ọmọ ẹranko" ló sì kéré jù nínú wọn.

Àsìkò Kérésìmesì ni. Ní pápá kan lẹ́yìn Challenge ní Ilọrin, níbi tí wọ́n máa ń gbé ẹṣin onírin àti ọkọ̀ òfuurufú ọmọdé kalẹ̀ sí lọ́dọọdún, káfíńtà kan tó ń jẹ́ Láyíwọlá kan ilé pákó kan síbẹ̀, ó kùn ún ní dúdú, ó sì pè é ní Ilé Iwin. Ẹni tó bá sanwó á gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, á gba òmíràn jáde. Láàárín méjèèjì, òkùnkùn ni. Ọwọ́ tútù á gbá èèyàn lẹ́sẹ̀ mú, àwọn ọmọkùnrin tó fi ẹfun kun ojú á sì máa fò yọ láti inú pósí. Àwọn ará Ilọrin ń tò síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ìrẹsì ọ̀fẹ́. Ẹ̀dá èèyàn le o: ohun tí à ń gbààwẹ̀ sí kó má wá bá wa nílé, òun náà la tún ń sanwó lọ bá.

Ọjọ́ kejì ọdún ni Tẹniọlá, ẹ̀gbọ́n Adékẹ́mi, bá àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní báńkì kan ní àdúgbò Post Office lọ síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn òkú olójú ẹfun fò yọ, gbogbo wọn sá. Wọ́n ti Tẹniọlá, ó fẹsẹ̀ kọ pákó, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lulẹ̀. Oyún oṣù méjì wà nínú rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ju ọkọ rẹ̀ àti àwọn ará ilé lọ, nítorí bí ìyá wọn ṣe pa á láṣẹ nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, oyún náà ti wálẹ̀.

Adékẹ́mi kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì. Láti ọsibítù ló ti wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí pápá náà.

"Ta ló ni ilé ìkà yìí?"

Ọkùnrin kan jáde, ó mú òòlù lọ́wọ́. "Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀..."

"Má kí mi! Ọmọ ẹranko! Apààyàn! Ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé rẹ pẹ̀lú oyún, ó jáde lófìfo!"

Bẹ́ńṣì funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i lára. Adékẹ́mi kò ka ohun tí wọ́n kọ. Ó ta á nípàá pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un, ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì náà kan sì dá.

Láyíwọlá wo bẹ́ńṣì, ó wo Adékẹ́mi, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó tún pa á dé.

"Sọ̀rọ̀! Àbí ahọ́n rẹ ti ṣubú sínú pósí?"

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ láti sọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù wo ni wọ́n wà?"

"Kí o lè wá parí rẹ̀ ni?"

Ó tutọ́ sílẹ̀, ó yí padà. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn létí ọ̀nà, ọkùnrin náà ti ń yọ ìṣó lára ògiri. Ọdún ò tíì tán, èrò ṣì ń bọ̀, òun ń tú ilé rẹ̀ palẹ̀ ní pákó kọ̀ọ̀kan. Inú Adékẹ́mi kò rọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń yọ ìṣó yẹn kò kúrò lójú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Láyíwọlá wá ọsibítù náà rí. Ó gbé ọsàn wá. Ìyá Tẹniọlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sí gọ́tà níṣojú rẹ̀. Opó ni ìyá yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta iṣu ní ọjà Ipata láti ogún ọdún, tí àwọn onílọ́rì ń bẹ̀rù ju ọlọ́pàá lọ. "Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ lo pa," ó wí fún un. "Bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ rẹ níbí, màá fi ọ́ ṣe òkú tòótọ́."

Oṣù mẹ́rin kọjá. Adékẹ́mi wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní Challenge nígbà tí ẹnìkan wọlé, tó na àtàǹpàkò tó ti wú.

"Ẹ káàsán, mà. Báńdéèjì ni mo fẹ́ rà. Òòlù ló..." Ó gbójú sókè. "Áà. Ẹ má bínú, màá lọ ra tèmi níbòmíì."

"Dúró síbẹ̀," Adékẹ́mi wí. "Gbé ọwọ́ yẹn wá."

Ó fi báńdéèjì náà so ó, ó sì so ó le débi tí omi fi lé sí ọkùnrin náà lójú.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín. Kí Adékẹ́mi tó mọ̀, òun náà ti rẹ́rìn-ín, inú sì bí i sí ẹ̀rín náà títí di alẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà tún wá ra pílásítà. Ó tún wá. Nígbà tó di ìgbà kẹfà, kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀ mọ́.

"Níbo lo ti fara pa lónìí?"

"Mi ò tíì fara pa, mà. Mo kàn ń múra sílẹ̀ ni."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. "Mà" di "Kẹ́mi". Adékẹ́mi fẹ́ràn rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí wọ́n bá ń lu ìṣó níbì kan, àyà rẹ̀ á já. Ṣùgbọ́n kò sí òru tó sùn tí kò bi ara rẹ̀ pé, irú ọmọ ìyá wo ni mí? Ó lọ bá Tẹniọlá, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Tẹniọlá kọjú sí ògiri.

"Tí o bá fẹ́ràn rẹ̀, fẹ́ ẹ. Má fi tèmi ṣe."

"Àǹtí mi, ẹ ò bínú sí i?"

"Mo ní má fi tèmi ṣe, Kẹ́mi. Lọ sílé."

Adékẹ́mi rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Alárinà tí Láyíwọlá rí rán kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni lè rò. Nọ́ọ̀sì Hadiyyah ni, ọmọ Ilọrin gangan, tó tọ́jú Tẹniọlá ní wọ́ọ̀dù. Láti ọ̀sẹ̀ tí oyún ti wálẹ̀ ni Láyíwọlá ti ń lọ bá a, tó ń bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ilé òun ló pa ọmọ náà? Obìnrin náà wá mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó di iṣu mẹ́ta sínú àpò, ó sì forí lé ilé Ìyá Tẹniọlá.

"Ìyá, mo rí òdòdó kan nínú ọgbà yín," ó bẹ̀rẹ̀, "ọmọ kan ló ní kí n bá òun..."

"Ta ni?"

"Láyíwọlá."

"Dìde nílé mi."

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán, kí n tó dìde."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ìwọ nọ́ọ̀sì, ìwọ wà níbẹ̀! Ayé ti mọ̀ pé aboyún kì í wo ohun burúkú. Nígbà tí mo lóyún Kẹ́mi yìí, ìyá mi ò jẹ́ kí n wo ọ̀bọ. Ọmọ aráyé kan wá kó òkú sínú òkùnkùn, ó fi dẹ́rù ba ọmọ mi, ẹ̀rù sì ṣẹ́ oyún lára rẹ̀. O wá fẹ́ kí n tún fún un ní èkejì?"

"Wallahi, Ìyá, ẹ̀rù nìkan kì í sábà ṣẹ́ oyún. Àyà á já, á lù kìkì, á sì padà rọlẹ̀. Ohun tí a fi ń sọ fún aláboyún pé kó má wọ irú ibẹ̀ ni ìṣubú, èrò tó ń tini, ooru, èéfín, ìdúró pípẹ́ lórí ìlà. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Tí ara ẹlòmíì ò bá sì le tẹ́lẹ̀, a ní kó kúkú jókòó sílé. Ṣùgbọ́n oyún oṣù méjì? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wálẹ̀, kò sí dókítà tó mọ sábàbí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìṣubú yẹn. Ó sì lè jẹ́ pé ìbá wálẹ̀ bó tilẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ìyẹn ni pé ọmọ mi ló pa ọmọ rẹ̀?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

Ìyá Tẹniọlá fa àpò náà sọ́dọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí iṣu àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì wọlé.

"Ọ̀dọ̀ ta lo ti rà á?"

"Lọ́jà ni."

"Iṣu tó ti rà! Èmi tí mo wà ní Ipata láti ogún ọdún, iṣu tó ti rà lẹ fẹ́ fi fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ mi!" Ó ju iṣu náà síta. Ó yí gbirigbiri, ó sì bọ́ sí ojú àgbàrá.

Nọ́ọ̀sì Hadiyyah dìde, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Inú bí òun náà. "Ìyá, ohun tí mo gbọ́ ní wọ́ọ̀dù, wọ́ọ̀dù ni mo fi í sí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ ò tíì bi ọmọ yín."

"Jáde!"

Ọ̀rọ̀ yẹn, tí Adékẹ́mi gbọ́ láti inú yàrá, kò jẹ́ kó sùn. Ní ọjọ́ kejì, ó bá Láyíwọlá ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń fi pa mọ́ fún mi, ìwọ àti nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Irọ́!"

Láyíwọlá gbé òòlù sílẹ̀. "Kẹ́mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo lè fi wẹ ara mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ni ìdọ̀tí omi náà máa dà lé lórí, ara ń ta onítọ̀hún tó báyìí. Mi ò ní í ṣe é."

"Kí n wá hu ewú sílé ìyá mi nítorí ẹnu rẹ tó wúwo?"

Ó tún gbé òòlù rẹ̀. Adékẹ́mi fi ìbínú jáde, oṣù kan gbáko ló sì fi yan án lódì. Ó ń sunkún, ó ń bú u, ó ń gbọ́ ìró ìṣó káàkiri ìgboro.

Disẹ́ńbà mìíràn dé. Tẹniọlá ti tún lóyún, ó ti di oṣù mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ti gbé e wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fa kọ́tìnì dí gbogbo fèrèsé, kò jẹ́ kó yọjú síta. Àwọn aládùúgbò á kí i lójú fèrèsé, ìyá á dáhùn pé ibà ló ń ṣe é.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ẹnìkan sọ ọ́ lọ́jà pé Ilé Iwin ti ṣí padà. Ìyá Tẹniọlá fi iṣu rẹ̀ sílẹ̀, ó wá gbé Adékẹ́mi níbi iṣẹ́.

"Wọ bàtà rẹ. Ojú èrò ni mo ti máa dójú ti ọmọkùnrin yẹn lónìí. Tí mo bá ṣe tán, ẹnu rẹ lo máa fi sọ fún un pé ó ti parí láàárín yín. Tí o kò bá sọ ọ́, má pè mí ní ìyá mọ́."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Wọ bàtà rẹ!"

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n dé pápá. Adékẹ́mi rí i pé ilé náà ti yàtọ̀: ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, iná kéékèèké sì tò sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè ríran. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin méjì tí ikùn wọn ti yọ jókòó lórí bẹ́ńṣì funfun, wọ́n ń jẹ gúgúrú, wọ́n ń fi àwọn tó ń sá jáde rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ka ohun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára bẹ́ńṣì náà: ALÁBOYÚN, Ẹ JÓKÒÓ SÍBÍ.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta bẹ́ńṣì náà ti gbó. Ìkẹrin jẹ́ igi tuntun.

Bẹ́ńṣì yìí ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ má wọlé o!" Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ará Ilọrin, apààyàn ló ni ilé yìí! Ó ti pa ọmọ-ọmọ mi níbí!"

Àwọn èèyàn yọ fóònù. Láyíwọlá jáde, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi! Dìde, kí wọ́n lè rí ojú rẹ!"

Ó dìde. Ìyá ń bú u lọ, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo obìnrin tó kàn lórí ìlà ló ń bi ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ má bínú, mà, ṣé ẹ ò lóyún?" Èyí tó kàn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Favour. Márùn-ún ni wọ́n, aṣọ ibi iṣẹ́ kan náà ló wà lọ́rùn wọn.

"Oyún kẹ̀! Rárá o," Favour wí, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn yòókù, ó sì rọra tutọ́ sínú áńkáṣíìfù.

Ìyá Tẹniọlá dákẹ́ láàárín èébú. Ojú rẹ̀ ti lọ sí kòtò ọrùn ọmọ náà.

"Irọ́ ló ń pa."

"Mà?"

"Mo ní irọ́ lò ń pa! Ọrùn rẹ ń lù kìkì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ. Mo ti bímọ, mo ti gbẹ̀bí. Oṣù mélòó ni?"

Favour wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. "Ìyá ọkọ mi ló ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni títí á fi hàn. Wọ́n ní ayé ò dáa. Gbogbo ará ibi iṣẹ́ mi ló wà lẹ́yìn mi yìí, mà. Tí mo bá lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì, kì í ṣe pé mo ti sọ ọ́ nìyẹn? Kí ni kí n wí?"

Adékẹ́mi yíjú sí ìyá rẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Inú yàrá ló wà lọ́jọ́ tí ìyá wọn di etí Tẹniọlá mú, tó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyàwó pásítọ̀. Ayé ò dáa."

Láyíwọlá mú ọmọ náà lọ sórí bẹ́ńṣì, ó fún un ní omi, ó dá owó rẹ̀ padà.

"Èmi ni mo dá ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì yìí, àbí?" Adékẹ́mi bi Láyíwọlá.

"Mo ti tún un ṣe."

"Ṣé o bi í?" Ìyá ló sọ̀rọ̀, ohùn náà kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.

"Ta ni, mà?"

"Má fi mí ṣeré! Tẹniọlá. Ṣé o bi í lẹ́nu ọ̀nà yìí?"

Láyíwọlá wo ilẹ̀. "Ó ti pẹ́, mà. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti gbàgbé."

Kò gbàgbé. Adékẹ́mi mọ̀, ìyá rẹ̀ náà mọ̀. Ọdún kan ni ọkùnrin yìí fi gbé orúkọ apààyàn kiri, tí gbólóhùn kan ṣoṣo ìbá sì gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀. Adékẹ́mi fẹ́ràn rẹ̀ lásìkò yẹn débi tí ó fi dùn ún.

Ìyá Tẹniọlá jókòó sórí bẹ́ńṣì, láàárín àwọn aláboyún. Ọ̀kan nawọ́ gúgúrú sí i, kò rí i.

"Pákó tí ó fẹsẹ̀ kọ ńkọ́?" ó bi í nígbà tó yá.

"Ẹ̀bi mi nìyẹn, mà. Mo ti rí i láàárọ̀ pé ó ti yọ sókè. Mo ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ kí n kàn án."

"Ẹ̀bi rẹ nìyẹn. Mi ò sì tíì dárí rẹ̀ jì ọ́."

"Mo gbọ́, mà."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá padà sílé. Ìyá gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ tààrà sí yàrá tí Tẹniọlá jókòó sí nínú ooru, lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Tẹni. Ọmọkùnrin onílé iwin yẹn, ṣé ó bi ọ́ kó o tó wọlé?"

Tẹniọlá wo àbúrò rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀ fún.

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Mọ́mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí. Ó tiẹ̀ fi bẹ́ńṣì hàn mí."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Ohun tí ẹ ní kí n máa sọ."

Adékẹ́mi sún mọ́ ìyá wọn, ṣùgbọ́n ìyá tì í sẹ́yìn. Ó lọ sójú fèrèsé, ó fa kọ́tìnì náà tọ̀pá tọ̀pá já lulẹ̀, ó sì yọ orí síta.

"Ìyá Sakinah! Ìyá Sakinah, ẹ bá mi gbọ́! Kì í ṣe ibà o! Tẹniọlá lóyún! Oṣù mẹ́fà!"

Aládùúgbò wọn gbójú sókè nídìí ìkòkò. "Alhamdulillahi! Ìyá Tẹni, ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ ni? Láti ìgbà tó ti wà ní oṣù mẹ́ta la ti ń bá yín ṣàdúà sí i."

Atẹ́gùn wọlé, ó fẹ́ sára Tẹniọlá. Nígbà tí ìyá yíjú padà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ṣì le bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Kẹ́mi."

"Mà."

"Sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn kó padà wá. Kó má sì lọ ra iṣukíṣu kiri ọjà mọ́. Ọwọ́ mi ni kó ti wá rà á, mi ò sì ní bá a dín kọ́bọ̀."